Kí ẹ tó sanwó eéwo tí wọ́n là fún yín, ẹ béèrè ohun tí dókítà kọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọlọ́run á máa fún yín lókun sí i. Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín nípa àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n la eéwo fún ní ojú ara, tí bíìlì tó tẹ̀lé e kò jẹ́ kó rí oorun sùn mọ́. Arákùnrin náà ní olè ni gbogbo wọn, pé kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ irú bíìlì bẹ́ẹ̀ sí fà á ya kó sọ ọ́ nù. Inú tó bí i yé mi. Bó bá jẹ́ àbúrò tèmi ni, inú á bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn lè kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà, mi ò sì lè kà á kí n dákẹ́, nítorí ibi tí irú bíìlì yẹn ti ń wá gan-an ni mo ti ń jẹun.

Kóòdù ni mò ń kọ. Mo ń bá àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ àti ojú ara ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bí dókítà bá ṣiṣẹ́ tán, á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Èmi á ka ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń wò kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa san àti iye tó máa kù sọ́rùn aláìsàn. Èmi kọ́ ni mò ń dá iye owó. Dókítà pàápàá kì í sábà mọ iye tó máa já sí fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a bá kọ ni gbogbo owó yẹn máa gbà kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi lórí àwọn ẹ̀yà ara tí mo fẹ́ dárúkọ. Obìnrin ni mí, abiyamọ sì ni mí, wọ́n kọ́ wa pé a kì í sọ irú nǹkan wọ̀nyí ní gbangba. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń fi "ibẹ̀ yẹn" bo ọ̀rọ̀ títí lẹ́tà yìí á fi parí, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀, torí orí ibi tí ọyún wà gan-an ni gbogbo owó yìí dá lé.

Nọ́ńbà oríṣi méjì ló máa ń wà lórí bíìlì irú iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni CPT, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́dún 1966, tí wọ́n sì ń tún ṣe lọ́dọọdún. Òun ló ń sọ ohun tí dókítà ṣe. Èkejì ni ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò níbí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Ìyẹn ń sọ àìsàn tó mú kó ṣe é. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí àìsàn tí wọ́n kọ bá jẹ́ N48.21, ìyẹn eéwo inú okó, tí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sì jẹ́ ti àpò ẹpọ̀n, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà ìnṣọ́ránsì dá a padà kí ènìyàn kankan tó fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ eéwo náà. Bó bá jẹ́ eéwo lásán tó jáde lójú awọ, irú èyí tó ń jáde ní abíyá tàbí ní itan, 10060 ni nọ́ńbà rẹ̀, bó bá jẹ́ ẹyọ kan tí kò le. Bó bá ju ọ̀kan lọ, tàbí tó le, ó di 10061. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́ nọ́ńbà yẹn náà ni eéwo àpò ẹpọ̀n wà, wọ́n ní ṣebí awọ náà ni. Rárá o. Ìwé CPT ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ọyún bá wà nínú ògiri àpò ẹpọ̀n, tí kò tíì wọ inú lọ, 55100 ni. Bó bá ti kọjá ògiri yẹn bọ́ sínú àyè tí kóró ẹpọ̀n wà, tàbí tó wà nínú kóró ẹpọ̀n fúnra rẹ̀, tàbí nínú epididymis, ìyẹn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ pọ̀ sẹ́yìn kóró ẹpọ̀n tí àtọ̀ ń gbà kọjá, 54700 ni. Bó bá jẹ́ inú okó, tó sì jìn, 54015 ni. Ti prostate, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré mọ́: 52700 ni bí dókítà bá gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé lọ tú u, 55720 sì ni bó bá là á láti ìta.

Eéwo kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú ẹni tí kò lè jókòó nítorí ìrora. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́nu géètì àti ẹni tó wọ yàrá ìbùsùn kò ṣe àbẹ̀wò kan náà sínú ilé yẹn. Bí abẹ dókítà bá ṣe wọlé tó ni iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, owó náà sì ń tẹ̀lé e. Àìsàn náà ń rìn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ICD: N49.2 fún ti àpò ẹpọ̀n, N45.4 fún eéwo inú kóró ẹpọ̀n tàbí epididymis, L02.214 fún eéwo ojú awọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, L02.215 fún èyí tó wà láàárín àpò ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Ibi tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yẹn kò jìnnà sí àpò ẹpọ̀n rárá, síbẹ̀ kóòdù rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Bàbá kan tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbí pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó fẹ́ túfọ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, wọ́n la nǹkan kan fún mi, ìwé owó tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ kò yé mi." Ó ti san díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti yáwó kún un, ìyàwó rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó dé ilé ìwòsàn rárá. Mo ní kó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àròpọ̀ lásán ni mo rí: "surgery", owó, "office visit", owó, àpapọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó san án. Kò sí kóòdù kankan níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé kó pè wọ́n kó béèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní itemized bill, ìyẹn bíìlì tó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú kóòdù rẹ̀. Èkejì ni àkọsílẹ̀ tí dókítà ṣe nípa iṣẹ́ abẹ náà. Bàbá ní kí ni òun fẹ́ fi èkejì ṣe, pé òun mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun, òun náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà á wá." Ìdí ni pé bíìlì nìkan á sọ ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe. Àkọsílẹ̀ dókítà ló máa sọ ohun tí wọ́n ṣe. Tí àwọn méjèèjì kò bá wà níwájú ẹni, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n bára mu.

Nígbà tí ìwé dé, 54700 ló wà lórí bíìlì. Mo wá ka àkọsílẹ̀ dókítà. Ó kọ ọ́ dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀: ó ní òun fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀, òun là á ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì, ọyún tú jáde láti inú ògiri àpò ẹpọ̀n lápá òsì, òun fi irin wò ó, kò ní ọ̀nà kankan tó wọ inú lọ, kóró ẹpọ̀n kò wú kò sì dun aláìsàn, òun fi gọ́ọ̀sì dí ojú rẹ̀. Kò wọ inú. 55100 ni iṣẹ́ yẹn. Àkọlé tó wà lókè ìwé ni "scrotal abscess", ìyẹn eéwo àpò ẹpọ̀n, ọ̀rọ̀ méjì péré, mo sì gbà pé ẹni tó kọ kóòdù wọn ka àkọlé, kò ka ìsàlẹ̀. Bóyá àádọ́ta fáìlì ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rí, mi ò sì ní pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lólè. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa san owó náà kò gbọ́dọ̀ jìyà ohun tí ẹlòmíràn kò kà.

"Office visit" tó wà lórí bíìlì tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbá padà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n yọ gọ́ọ̀sì, kí wọ́n wo ojú egbò. Wọ́n kọ owó sí i fún ìyẹn. Gbogbo àwọn nọ́ńbà eéwo kéékèèké tí mo dárúkọ yìí, 10060, 10061, 54015, 54700, 55100, ọjọ́ mẹ́wàá ni Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìjọba tó wà pàápàá fún àwọn àgbàlagbà, so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ abẹ náà ti kó àbẹ̀wò lásán tó tẹ̀lé e fún ọjọ́ mẹ́wàá mọ́ra, bó bá jẹ́ dókítà kan náà ni, tàbí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan náà. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì aládàáni náà ló ń tẹ̀lé òfin yìí. Yíyọ gọ́ọ̀sì àti wíwo ojú egbò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gba owó mìíràn fún láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Bàbá pè wọ́n, ó fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n tún kóòdù náà wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀ dókítà, kí wọ́n sì wo ọjọ́ àbẹ̀wò kejì. Wọ́n tún un wò. Wọ́n fi bíìlì tuntun ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì, owó tó kù sọ́rùn rẹ̀ wálẹ̀, owó àbẹ̀wò sì kúrò níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì gba lọ́yà.

Mo fẹ́ kí arákùnrin tó kọ lẹ́tà sí yín mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìlà tó wà lórí bíìlì ló yẹ ká bá jà. Abẹ́rẹ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ fi pa ojú ibẹ̀, gọ́ọ̀sì tó fi dí i, ọyún díẹ̀ tó fi òwú gbà láti fi ránṣẹ́ sí láàbù, gbogbo ìyẹn wà nínú owó iṣẹ́ abẹ. Tí dókítà bá kọ owó lọ́tọ̀ fún wọn, ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí láàbù ṣe láti mọ irú kòkòrò tó wà nínú ọyún náà, iṣẹ́ láàbù ni, wọ́n á kọ ọ́ lọ́tọ̀, ó sì tọ́. 87070 ni ẹ máa sábà rí. Síkáànù àpò ẹpọ̀n, 76870, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni òun náà. Tó bá jẹ́ pé dókítà yàrá pàjáwìrì ló la eéwo náà, tí wọ́n wá ní kí ẹ lọ rí dókítà ọ̀nà ìtọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, owó àbẹ̀wò dókítà kejì yìí kì í ṣe àfikún lórí ti ẹni àkọ́kọ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀.

Bákan náà ni bíìlì méjì fún iṣẹ́ kan. Èyí ló ń bí àwọn ènìyàn wa nínú jù. Bí wọ́n bá la eéwo fún yín nínú ọ́fíìsì dókítà, bíìlì kan lẹ sábà máa rí. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, dókítà á kọ tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù CMS-1500, ilé ìwòsàn á sì kọ tirẹ̀ lórí UB-04 fún yàrá, nọ́ọ̀sì àti irinṣẹ́. Wọn kò gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ló fà á, ibẹ̀ sì ni owó ti ń fò sókè ju bó ṣe ń ti inú kóòdù lọ. Bí ìrora náà bá ṣì fàyè gbà yín, tí ibà kò mú yín, ọ́fíìsì dókítà ọ̀nà ìtọ̀ sàn fún àpò yín ju yàrá pàjáwìrì lọ.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí tí inú mi kì í dùn sí. Dókítà á rí aláìsàn, á wo eéwo náà, á pinnu pé òun máa là á, á là á, wọn á wá kọ owó ìbẹ̀wò pẹ̀lú nọ́ńbà 25 tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á tún kọ owó iṣẹ́ abẹ. 25 yẹn ń sọ pé ìbẹ̀wò náà jẹ́ iṣẹ́ ńlá tó dá dúró lọ́tọ̀. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Bí dókítà bá rí i pé àtọ̀gbẹ ọkùnrin náà ti kọjá ààlà, tó tún oògùn rẹ̀ tò, tàbí tó yẹ prostate rẹ̀ wò nítorí pé kì í rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa, ìbẹ̀wò gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wíwo eéwo kí a tó là á ti wà nínú owó lílà rẹ̀, fún irú iṣẹ́ kékeré báyìí. Ẹ ka àkọsílẹ̀ yín. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju eéwo lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí 25 ń ṣe níbẹ̀.

Àwọn dókítà wa tó ń ṣiṣẹ́ níbí ń ka ìwé ìròyìn yín, mo mọ̀, torí mo ti rí ọ̀kan tó ń kà á lórí fóònù láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ibi tí ọyún wà. "I&D abscess scrotum", ìyẹn pé ẹ la eéwo àpò ẹpọ̀n, kò tó. Ẹni tó ń kọ kóòdù kò gbọ́dọ̀ méfò. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, lójú ìnṣọ́ránsì a kò ṣe é. Tí ẹ bá wọ inú títí dé kóró ẹpọ̀n, tí ẹ kò kọ ọ́, 55100 la máa kọ fún yín, ẹ ó sì pàdánù owó iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Tí ẹ kò bá wọ inú, tí ìwé yín kò sì sọ ọ́, ẹlòmíràn lè kọ èyí tó tóbi, aláìsàn yín á sì san án. Kí ẹ kọ bí ó ṣe jìn tó. Kí ẹ kọ bóyá inú rẹ̀ pín sí abala abala tí ẹ ní láti fi ìka tú u, bóyá ẹ fi rọ́bà sí i kó máa ṣàn, ojú mélòó lẹ là. Ìwé CPT kò ṣàlàyé ohun tó sọ eéwo ojú awọ di èyí tó le tí à ń pè ní 10061. Ìdájọ́ yín ló wà níbẹ̀, ìdájọ́ tí ẹ kò bá sì kọ sílẹ̀, kò sí bí a ṣe lè gbè é lẹ́sẹ̀. Ìlà méjì sí mẹ́ta ni mò ń bẹ̀ yín fún. Mo mọ̀ pé aláìsàn mìíràn ti ń dúró.

Ní ti kí a fa bíìlì ya, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìwé náà kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbowó gbèsè, àwọn yẹn kò sì mọ nǹkan kan nípa ibi tí ọyún wà. Èyí tó burú jù ni pé ọjọ́ tí òfin fún yín ń lọ. Bí ìnṣọ́ránsì bá kọ̀ láti sanwó, 180 ọjọ́ lẹ ní láti ọjọ́ tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò, lábẹ́ ọ̀pọ̀ ètò ìnṣọ́ránsì. Bí ẹ kò bá ní ìnṣọ́ránsì rárá, tí ẹ sì ti ṣètò iṣẹ́ abẹ náà ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ fún yín. Bí bíìlì bá wá ju ìyẹn lọ ní 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè fẹjọ́ sùn láàárín 120 ọjọ́. Òfin tí wọ́n ń pè ní No Surprises Act ló gbé ìyẹn kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022, òun náà ni kò sì jẹ́ kí àwọn dókítà yàrá pàjáwìrì tí kò sí nínú ètò ìnṣọ́ránsì yín gba owó tó ju ìpín tí ètò náà ní kí ẹ san lọ lọ́wọ́ yín.

Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè náà, ìyẹn àwọn tí ìjọba kì í gba owó orí lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ owó fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká bíìlì. Òfin ìlera ọdún 2010 ló sọ ọ́ di dandan. Ẹ ní 240 ọjọ́ láti ìgbà tí bíìlì àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìtọ́jú láti kọ̀wé béèrè fún un. Àwọn ènìyàn wa kì í béèrè. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti pe ara àwọn ní aláìní, wọ́n á wá lọ gba àjọ tí wọ́n ń dá láti fi ra ilẹ̀ nílé, wọ́n á fi san bíìlì tí wọ́n ì bá ti dín kù tàbí pa rẹ́ fún wọn. Ó máa ń dùn mí.

Ní ti àkọsílẹ̀ dókítà, ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin HIPAA fún wọn ní 30 ọjọ́ láti fún yín ní ohun tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ ti lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìwé tí ìnṣọ́ránsì ń fi ránṣẹ́, tí wọ́n kọ "This is not a bill", ìyẹn "bíìlì kọ́ nìyí", sí lára, ẹ má sanwó lórí rẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ nù. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì gidi nígbà tó bá dé, kí ẹ wò ó bóyá iye tí ìnṣọ́ránsì ní kí ẹ san ni dókítà náà ń béèrè.

Ìtìjú yìí ni mo tún fẹ́ bá àwọn ọkùnrin wa sọ. Mò ń ka àkọsílẹ̀ yín lójoojúmọ́, láìmọ ojú yín. Mo ń rí i nínú rẹ̀: "aláìsàn ní ó ti ń dun òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta", "aláìsàn ní òun fi omi gbóná jó o nílé", "aláìsàn kò sọ fún ẹnikẹ́ni". Eéwo tó yẹ kí dókítà là nínú ọ́fíìsì ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti wọ inú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò rárá. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Fournier, N49.3 ni kóòdù rẹ̀, tó ń jẹ ẹran ojú ara run ní wákàtí díẹ̀ sí díẹ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá ń dúdú, tó ń rùn, tí ibà sì mú yín, tí ìrora náà ju bí wíwú rẹ̀ ṣe rí lọ, yàrá pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ronú bíìlì. Òfin ọdún 1986 ti sọ pé yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare gbọ́dọ̀ yẹ yín wò, kí wọ́n sì mú ara yín dúró, ẹ ní owó o, ẹ kò ní o. Kóòdù á dúró de gbogbo wa.

Olóòtú, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí arákùnrin tó kọ lẹ́tà yẹn bá ṣì ń ka ìwé yín, kí ẹ bá mi sọ fún un pé kí àbúrò rẹ̀ má tíì san kọ́bọ̀, kó má sì fà á ya. Kó gba bíìlì tó ní kóòdù, kó gba àkọsílẹ̀ dókítà. Bó bá fẹ́, kó fi inki dúdú bo orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì rẹ̀ pátápátá, kó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí mi. Màá kà á fún un lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì sọ fún un ìlà tó yẹ kó béèrè nípa rẹ̀ àti ìlà tó yẹ kó san.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.